Ẹ Bi Ará Ìlú Léèrè Kí Ẹ Tó Fún Un Lóògùn

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní kí sòbìà tó di egbò ni à á ké sí olúgànbe. Àwọn tí ó dàgbà díẹ̀ láàárín wa kò tíì gbàgbé àrùn náà, bí ó ti máa ń dá àgbẹ̀ dùbúlẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ oko bá le jù, tí kì í sì í jẹ́ kí ọmọ lè rìn dé ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí a wá a kiri gbogbo Nàìjíríà ní 1987 sí 1988, àwọn tí a bá a lára wọn lé ní 650,000. Ní 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn tí ó ṣe. Ní 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé sòbìà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa.

Báwo ni a ṣe ṣẹ́gun rẹ̀? Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un, kò sì sí oògùn tí í wò ó. Ohun tí ó ṣẹ́gun rẹ̀ ni omi mímọ́, aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, àti àwọn ọmọ abúlé tí a yàn láti máa ṣọ́ àrùn náà ní abúlé tiwọn. Wọ́n mọ odò tí àwọn ará ilé wọn ń pọn, wọ́n sì mọ ẹni tí ó ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ pamọ́ nítorí ìtìjú. Àjèjì tí ó bá ti ìlú ńlá wá kò lè tètè mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí ni a fẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ Ìkéré, ti Ìsẹ̀/Ọ̀rùn àti ti Ẹ̀múré mú lò. Kì í ṣe ohun tuntun. Ní 1978, ní ìlú Alma-Ata, àwọn orílẹ̀-èdè fi ẹnu kò pé ẹ̀tọ́ àti ojúṣe ará ìlú ni láti lọ́wọ́ sí ètò ìlera ara wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tí ó ṣe mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992, fi ètò ìlera alábọ́ọ́dé lé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Lónìí, ìlànà ìjọba fẹ́ kí ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wà ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, kí ó sì bá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera jókòó lórí àìní àdúgbò.

Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tí kò bi ẹnikẹ́ni léèrè kò yàtọ̀ sí èyí tí kò sí rárá. Kí ó lọ láti ojúlé dé ojúlé. Kí ó bi àwọn aboyún bóyá ọjọ́ ọjà ni a fi àyẹ̀wò wọn sí. Kí ó bi àwọn ará aba pé bí obìnrin bá ń rọbí lóru nínú òjò, ta ni yóò gbé e, ọ̀nà wo ni yóò sì gbà? Kí ó bi àwọn ọmọdé pé níbo ni wọ́n ti ń pọn omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn?

Àwọn kan lè wí pé ará oko kò mọ ìwé, pé ilé ńlá ni yóò máa bèèrè nígbà tí ó jẹ́ pé kànga ni kò ní. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Nítorí náà, kí a gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé àkọsílẹ̀ nọ́ọ̀sì, kí a yẹ méjèèjì wò pọ̀. Ìwé nọ́ọ̀sì mọ ẹni tí ó wá sí ilé ìwòsàn. Kò mọ ẹni tí kò lè wá, tí ó kú sílé.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, a bẹ̀ yín, ẹ má ṣe sọ ìgbìmọ̀ yìí di ibi tí a ti ń san oore ìbò. Ibà kì í bèèrè káàdì ẹgbẹ́ kí ó tó wọlé. Bí ó bá jẹ́ ẹgbẹ́ yín nìkan ni ó jókòó níbẹ̀, ìdajì àìsàn ìlú ni ẹ ó gbọ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni ẹ mọ ọmọ tí kò wá sí kíláàsì àti ohun tí ó dá a dúró sílé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ìpàdé wọ́ọ̀dù yín.

Oníṣègùn àtijọ́ pàápàá kì í já ewé láì kọ́kọ́ bi aláìsàn pé, kí ni ó ń ṣe ọ́? Kí ìjọba bèèrè ìbéèrè kan náà lọ́wọ́ ará ìlú, kí ó sì dúró gbọ́ èsì.