Ẹ Wo Inú Ìgò Kí Ẹ Tó Bú Dẹ́rẹ́bà

Ní ìpàdé oṣù tó kọjá, a fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa gé owó tí a fi tún píkọ́ọ̀pù ẹgbẹ́ ṣe lára owó oṣù dẹ́rẹ́bà. Mo wà níbẹ̀, mo sì dákẹ́. Ìdákẹ́ náà ló ń dùn mí tí mo fi kọ ìwé yìí.

Ẹ rántí bó ṣe jẹ́. Ọkọ̀ ń ti Ìjàn bọ̀ ní Ọjà Ọba, Adó. Ata àti tòmátì àwọn ìyá wa ló kún ẹ̀yìn rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà yà sí ilé epo kan, ó ra epo, ó sanwó. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ẹ́ńjìnnì ń yí, kò gbà. Wọ́n tì í, ó gbà, ó rìn díẹ̀, ó ń fà tìkọ̀, ó kú pátápátá. Ọjọ́ kejì ni mẹkáníìkì tó rí i ṣe, tòmátì sì ti bàjẹ́. Ni ariwo bá ta: "Ó ti ta epo ẹgbẹ́, ó wá bomi sí i!" Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí mẹkáníìkì bá nínú táńkì.

Èmi lọ béèrè. Ó ní omi ló wà nísàlẹ̀ táńkì, ìdọ̀tí sì ti dí fítà pa. Mo ní ta ló bomi sí i? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, omi kì í sọ orúkọ ẹni tó bù ú."

Òótọ́ ló sọ. Omi wúwo ju bẹntiróòlù lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń wà. Bí òjò bá ráyè wọ táńkì abẹ́ ilẹ̀ ilé epo, tí epo ibẹ̀ sì ti ń lọ sílẹ̀, omi ni páńpù wọn á máa fà fún oníbàárà. Àwa náà sì ní ẹ̀bi tiwa. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní ọjọ́ 29 oṣù May, 2023, tí epo tí kò tó 200 náírà fún lítà kan tẹ́lẹ̀ fi ju 500 lọ kí July tó parí, díẹ̀díẹ̀ ni a ń rà á. Táńkì kì í kún mọ́, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ ni páńpù ọkọ̀ ń fà.

Bẹ́ẹ̀ ni ojú lásán ò mọ epo burúkú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, bẹntiróòlù tí mẹtanọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ju iye tí orílẹ̀-èdè wa gbà lọ wọlé láti òkè òkun. NNPC fúnra rẹ̀ sọ pé láti Antwerp ní Belgium ni ẹrù epo mẹ́rin náà ti wá, àti pé àyẹ̀wò tí a máa ń ṣe nílé níbí nígbà náà kì í wo mẹtanọ́ọ̀lù. Bí èyí bá lè kọjá lójú àwọn ọ̀mọ̀ràn ní èbúté, kí ni dẹ́rẹ́bà wa fẹ́ fi mọ̀ ọ́n?

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká mọ bí a ti ń wo ọkọ̀ tó kọ̀ lẹ́yìn tó mu epo. Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́ tí ẹ́ńjìnnì ò tiẹ̀ mira, ẹ má bá epo jà. Ẹ wo bátìrì, ẹ wo bóyá orí rẹ̀ ti tú tàbí ó ti dípẹtà.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí tí kò gbà, tí òórùn epo sì ń ta, ó lè jẹ́ pé epo ti pọ̀ jù fún un. Àwọn ọkọ̀ tí kò lo kábúrétọ̀ mọ́ ní fáàfù kékeré kan tó ń gbé èéfín epo láti táńkì lọ sí ẹ́ńjìnnì. Bí kò bá padé mọ́, ọkọ̀ á máa kọ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá rọ epo kún. Ẹ tẹ iná mọ́lẹ̀ pátápátá, kí ẹ yí kọ́kọ́rọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ẹ sinmi, kí ẹ tún un ṣe. Ẹ má yí i títí, bátìrì á kú. Bí páńpù ilé epo bá sì ti já fúnra rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún rọ sí i.

Bí ó bá gbà, tó rìn díẹ̀ tó kú, bíi tiwa yìí, epo ni ká fura sí. Kí mẹkáníìkì fa díẹ̀ sínú ìgò funfun, kí iná tàbí sìgá má sún mọ́ ọn. Ẹ gbé e kalẹ̀ jẹ́ẹ́; bí omi bá wà níbẹ̀, á dúró lábẹ́, epo á wà lókè. Ẹ kán epo náà sórí ìwé: bẹntiróòlù á gbẹ kíá, dísẹ́ẹ̀lì á fi àbàwọ́n ọ̀rá sílẹ̀. Bí ẹ bá sì mọ̀ pé dísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n rọ sí ọkọ̀ bẹntiróòlù, ẹ má sitáàtì rẹ̀ rárá. Ẹ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n fa táńkì gbẹ.

Ẹlòmíràn á ní, "Ṣé kò sí dẹ́rẹ́bà tó ń ta epo ni?" Ó wà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìgò àti rìsíìtì náà ló máa mú olè, ariwo ò lè mú un. Lọ́jọ́ náà, a ò gba rìsíìtì, a ò tọ́jú epo sínú ìgò, ìdí nìyí tí a ò fi rí ilé epo bi. Àìlẹ́rìí tó gba ilé epo sílẹ̀ náà la fi dá dẹ́rẹ́bà lẹ́bi. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ní ìpàdé tó ń bọ̀ kò pọ̀. Kí a dá owó dẹ́rẹ́bà padà. Kí ìgò funfun kan máa wà nínú ọkọ̀, kí rìsíìtì sì máa wọ ìwé ẹgbẹ́ pẹ̀lú iye lítà, orúkọ ilé epo àti aago. Bí wàhálà bá dé, kí akọ̀wé fi orúkọ ẹgbẹ́ gbé ìgò náà lọ bá ilé epo lọ́jọ́ náà. Bí wọn ò bá gbọ́, kí ó kọ̀wé sí NMDPRA tó ń bójú tó ilé epo. Ohùn ẹgbẹ́ ju ohùn dẹ́rẹ́bà kan lọ. Torí ìyẹn la ṣe kó ara wa jọ.

Mo dákẹ́ nígbà kan. Mi ò ní dákẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.