Owó Rẹ̀ Ni, Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Ni: Ẹ Yé Bú Ẹni Tó Lọ Wo Westlife

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti rí fọ́tò náà. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan tó kàwé jáde níbí lọ sí pápá ìṣeré Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù láti wo Westlife. Aberdeen ní Scotland ló ti gbéra. Ó wọ bọ́ọ̀sì lálẹ́, ó jókòó fún nǹkan bíi wákàtí méjìlá, ọ̀nà tó lé ní 800 kìlómítà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ó jìn ju Ìbàdàn sí Àbújá lọ. Nígbà tó débẹ̀, ó ya fọ́tò kan ṣoṣo, ó fi sórí WhatsApp ẹgbẹ́ wa, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Mo ti rí wọn."

Ohun tó tẹ̀lé e ló mú wa kọ èyí. Ẹnì kan bi í bóyá kò níṣẹ́ ṣe ni. Ẹnì kejì ní ojú ti òun pé ọmọ Yorùbá ń sáré tẹ̀lé òyìnbó mẹ́rin tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ẹnì kẹta ní àwọn àbúrò wà nílé nítorí ìyanṣẹ́lódì, òun ń da owó sínú orin. Àwọn yòókù ń fi àwòrán ẹ̀rín ránṣẹ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti kúrò nínú ẹgbẹ́. Kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ó kàn jáde ni.

A ó sọ ọ́ láìfepobọyọ̀: ohun tí ẹ ṣe kò dára.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó kàn wá jù. Àwa gan-an ni "àbúrò tó wà nílé" tí ẹ ń sọ. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2022 tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ la wà nílé nígbà náà. Àwọn kan nínú wa ń bá ìyá wọn tajà, àwọn kan ti lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀. Ìyà náà ń jẹ wá, ṣùgbọ́n a ò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ pé kó fi orúkọ wa bú ẹlòmíràn. Tí ẹ bá sì fẹ́ gbọ́ òótọ́, ẹ̀gbọ́n yìí ló san owó ilé ìwé ọ̀kan nínú àwa tó ń kọ ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún tó kọjá, ó sì ní ká má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nínú ẹ̀yin tó bú u, ta ló san ti ẹyọ ẹnì kan? Ṣùgbọ́n ibi tí à ń lọ kọ́ nìyẹn. Ká tiẹ̀ ní kò fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, iṣẹ́ òru nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló fi rí owó yẹn. Owó rẹ̀ ni.

Ẹ tún ní ó ń náwó ní ìná-àpà. Dublin ló kọ́kọ́ fẹ́ lọ, kó lè gbọ́ wọn nílẹ̀ wọn, nítorí wọ́n kọrin ní Aviva Stadium níbẹ̀ ní ọjọ́ 8 àti ọjọ́ 9 oṣù Keje. Ṣùgbọ́n físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í gbé ọmọ Nàìjíríà dé Dublin. Írẹ́lándì ní físà tirẹ̀, 60 yúrò sì ni lọ́dún 2022 fún ẹni tó fẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ṣírò owó físà, ó ṣírò owó ọkọ̀, ó ṣírò ọjọ́ iṣẹ́ tí yóò pàdánù, ó rí i pé apá òun kò ní ká a, ó sì dúró de Wembley. Nígbà tí àkókò tó, bọ́ọ̀sì ló wọ̀, kò wọ bàálù. Ṣé bí àpà ṣe ń ṣe nìyẹn?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin, ẹ má bínú o, a ní ọ̀rọ̀ fún yín. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú yín lọ sí Old Trafford. Ó wọ jẹ́sì, ó ya fọ́tò lápá ọ̀tún, ó yà á lápá òsì, gbogbo wa la sì kí i kú oríire. Kò sẹ́ni tó béèrè iye tíkẹ́ẹ̀tì. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá àwọn agbábọ́ọ̀lù yẹn mọ̀ ọ́n. Báwo ló ṣe wá jẹ́ pé tí ọkùnrin bá rìn jìnnà nítorí bọ́ọ̀lù, ó ń gbádùn ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n tí obìnrin bá rìn jìnnà nítorí orin, orí rẹ̀ ti dàrú? Òṣùwọ̀n méjì lẹ gbé sílẹ̀, ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Níbi òde àríyá wa níhìn-ín, ẹ máa ń náwó fún olórin títí owó á fi bo ẹsẹ̀ rẹ̀, torí kó lè pe orúkọ yín nínú orin. Ẹ̀gbọ́n wa kò tilẹ̀ ní kí wọ́n pe orúkọ òun.

Ẹ ní "wọn kò mọ̀ ọ́n". Fẹlá ti kú láti ọdún 1997, síbẹ̀ àwọn àlejò ṣì ń ti òkè òkun wá sí New Afrika Shrine ní Ìkẹjà nígbà Felabration. Ṣé Fẹlá mọ̀ wọ́n ni? Àwọn èèyàn ń ti Brazil àti Amẹ́ríkà wá sí Òṣogbo fún ọdún Ọ̀ṣun. Nígbà tí King Sunny Adé gbé jùjú lọ sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1980, àwọn tí kò gbọ́ "ẹ káàárọ̀" ló ń jó níwájú rẹ̀. Tí a bá gbọ́ irú èyí, orí wa máa ń wú. Tí òyìnbó bá rìn wá gbọ́ orin wa, a ní ó gbọ́n. Tí ọmọ wa bá rìn lọ gbọ́ tiwọn, a ní ó sọnù. Irú ìdájọ́ wo nìyẹn?

Orin fúnra rẹ̀ kò mọ ààlà. Ẹ wo "Seasons in the Sun" tí Westlife gbé jáde ní 1999. Jacques Brel, ará Belgium, ló kọ́kọ́ kọ ọ́ lédè Faransé ní 1961. Rod McKuen, ará Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì. Terry Jacks, ará Kánádà, ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní 1974. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ló tó kan àwọn ọmọ Írẹ́lándì yìí. Shane Filan, Kian Egan àti Mark Feehily wá láti Sligo, ìlú kan létí òkun tí kò tó Modákẹ́kẹ́. Àwọn náà yá orin yẹn ni, ó sì di tiwọn. Láti ọwọ́ wọn ló ti dé ibi tí wọ́n ń ta ìwé orin ní gáréèjì wa, tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀gbọ́n wa yìí ti rà á, tó dà á kọ sínú ìwé olójú-ewé ọgọ́ta. Àwa tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún 2000, inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ la ti bá orin wọn. Ohun tó bá wa nílé, tó sì bá wa dàgbà, ta ló lè sọ pé kì í ṣe tiwa?

Ọ̀rọ̀ kan sì tún wà tí ẹ ò kíyè sí. Yorùbá ni ẹ̀gbọ́n wa fi kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ fọ́tò rẹ̀, àmì ohùn rẹ̀ sì pé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèjà àṣà, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo yín fi bú u.

Àwọn kan tún ní ṣé kò lè wò ó lórí YouTube ni. Ó ti wò ó níbẹ̀ títí dátà fi tán. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà ọdún 2012, Westlife kọrin ìdágbére ní Croke Park ní Dublin, wọ́n sì túká. Ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ni ẹ̀gbọ́n wa nígbà náà, ó gbà pé ó ti parí nìyẹn. Ní 2018, wọ́n kéde pé àwọn ń padà bọ̀. Ẹni tó ti sọ ìrètí nù, tí nǹkan náà tún wá yọjú, ṣé fóònù ni yóò fi wò ó nígbà tí ẹsẹ̀ lè gbé e débẹ̀? Tí wọ́n bá pè yín síbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ yín, ṣé fídíò lẹ máa ń ní kí wọ́n fi ránṣẹ́? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwòrán ọbẹ̀ kì í yó ni.

A ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni yáwó èlé, kó ná owó àjọ, tàbí kó fi ìwé irọ́ gba físà nítorí olórin. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwa náà á bá a wí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n wa kò ṣe ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Ohun tó wu ọmọ jẹ kì í run ọmọ nínú. Inú tiyín ló ń run yín, ẹ má fi ti òun ṣe.

Ohun tí à ń bèèrè fún kò pọ̀. Kí alábòójútó ẹgbẹ́ pe ẹ̀gbọ́n wa padà. Kí àwọn tó bú u tọrọ àforíjì níbi tí wọ́n ti bú u, lójú gbogbo èèyàn, kì í ṣe ní kọ̀rọ̀. Kí wọ́n sì fi Yorùbá tọrọ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá ka èyí, ẹ má bínú sí wa pé a tú àṣírí owó ilé ìwé. Ó ti tó ká sọ ọ́. A ṣì ń dúró de ìròyìn, nítorí àwọn aláriwo yẹn ò jẹ́ ká bi yín. Orin wo ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀? Ṣé ẹ rí wọn dáadáa láti ibi tí ẹ jókòó sí? Ṣé ẹ sunkún?