Ẹ Jẹ́ Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Kọ̀ǹpútà Náà Sọ Tẹnu Wọn

Àwọn àgbà ló sọ ọ́ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni wọ́n fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, ọgbọ́n àgbà nìkan ni wọ́n fi ń ṣe é. Olùkọ́ ni yóò kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ ni yóò ṣe ìdáńwò fún un, olùkọ́ náà ni yóò fún un ní máàkì. Ọjọ́ tí wọn yóò bi akẹ́kọ̀ọ́ pé, “Ìwọ náà, báwo lo ṣe rí ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ?”, ọjọ́ náà wọ́n bí ojú.

Gbogbo ẹ̀kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, ṣùgbọ́n ti ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ló jẹ wá lógún jù. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, láti Àjàgbà títí dé Òkìtìpupa, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe gàrí àti pupuru, pẹ̀lú epo pupa, ni ọ̀pọ̀ òbí fi ń rán ọmọ nílé ìwé. Nígbà tí ìjọba Dókítà Olúṣẹ́gun Àgágù, ẹni tó ti ṣe olùkọ́ yunifásítì rí kó tó di òṣèlú, ṣe òfin ní 2008 láti dá yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ ní Òkìtìpupa, ohun tí òbí bẹ́ẹ̀ ń retí ni pé ọmọ òun kò ní rìn jìnnà mọ́ kó tó kọ́ iṣẹ́ tí ayé ń wá. Ní 2011 ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lábẹ́ ìjọba Dókítà Olúṣẹ́gun Mímikò. Àgágù kú ní 2013, ìjọba Rótìmí Akérédolú, tó wà lórí oyè láti 2017 sí 2023, ló sì wá fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ìwé náà. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, ó sì wà lára ohun tí ọmọ púpọ̀ ń fẹ́ kọ́ káàkiri ilẹ̀ yìí.

Ṣé ohun tí òbí ń san owó lé lórí ni ọmọ ń rí gbà? Ìbéèrè tó yẹ ká bi ọmọ gan-an nìyẹn. Bí ẹ bá jókòó ti àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní àwọn yunifásítì ìjọba nílẹ̀ Yorùbá, ẹ ó rí i pé ohùn wọn kì í jìnnà síra. Wọn á ní orí bọ́ọ̀dù ni àwọn ti ń kọ́ programming, inú ìwé ìdáńwò ni àwọn sì ti ń fi bírò kọ ọ́. Wọn á ní èrò pọ̀ ju kọ̀ǹpútà lọ, àti pé èyí tó wà pàápàá, ọjọ́ tí iná bá wà ni. Wọn á ní ìwé tí olùkọ́ mìíràn ń kà fún àwọn ti gbó ju àwọn fúnra wọn lọ. Àwọn kan náà á sì dárúkọ olùkọ́ kan tàbí méjì tó ń fi kọ̀ǹpútà ara rẹ̀ kọ́ wọn, tó ń dúró lẹ́yìn iṣẹ́ láti ṣàlàyé. Ẹ jẹ́ ká fi etí sí apá ìkẹyìn yìí dáadáa. Ó fi hàn pé kì í ṣe ìráhùn nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ọ́n sọ, wọ́n mọ olùkọ́ tó dára nígbà tí wọ́n bá rí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti máa ń hàn sí wọn gbangba ni ẹ̀kọ́ṣẹ́ IT, ìyẹn SIWES tí àjọ ITF dá sílẹ̀ ní 1973. Ọmọ tó ti gba máàkì tó dára nínú programming á dé ọ́fíìsì, wọn á ní kó jókòó sídìí ẹ̀rọ kó ṣe é, ọwọ́ rẹ̀ á sì máa gbọ̀n. Ẹni tó kọ́ odò wíwẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù, bó bá dé etí omi, kí ni ká retí?

Àmọ́ ṣá o, ẹ má jẹ́ ká da gbogbo ẹrù yìí lé olùkọ́ lórí. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa kan náà ni Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ wà, níbi tí wọ́n ti ń pèsè iná mànàmáná tí wọ́n ń gbé lọ síbòmíràn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ìlú tó pọ̀ ní gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó fi wà nínú òkùnkùn biribiri. Olùkọ́ wo ni yóò kọ́ni ní kọ̀ǹpútà níbi tí kò bá sí iná tàbí owó epo jẹnẹrétọ̀? Ní 2022, oṣù mẹ́jọ ni ìyanṣẹ́lódì ẹgbẹ́ ASUU fi ti ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba pa, láti oṣù Kejì sí oṣù Kẹwàá, nítorí owó àti àdéhùn tí ìjọba kò mú ṣẹ. Àwọn olùkọ́ tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà sì wà lára àwọn tí ilé iṣẹ́ ńlá àti òkè òkun tètè máa ń fà lọ. Iṣẹ́ ẹni mẹ́ta wá di ti ẹnì kan.

Àwọn olùkọ́ kan tún ń sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kò lè dá ẹjọ́ olùkọ́, pé ẹni tó bá rọ máàkì fún wọn ni wọn yóò yìn, ẹni tó bá le ni wọn yóò bú. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká mọ ohun tí a ó bi wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì kò lè sọ bóyá ìmọ̀ olùkọ́ rẹ̀ jinlẹ̀. Èyí jẹ́ iṣẹ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ olùkọ́ náà, ti àjọ NUC àti ti àjọ CPN tó ń mójú tó iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ lè sọ iye ìgbà tí olùkọ́ wá sí kíláàsì. Ó lè sọ iye ìgbà tí òun fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà ní sáà náà. Ó lè sọ bóyá wọ́n dá iṣẹ́ tí òun ṣe padà pẹ̀lú àlàyé, àti bóyá ìbéèrè máa ń rí ìdáhùn àbí èébú. Nínú gbogbo èyí, kò sí ẹlẹ́rìí tó ju akẹ́kọ̀ọ́ lọ.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 2005 ni wọ́n ti ń gba èrò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ọdún àṣekágbá lọ́dọọdún, tí wọ́n sì ń gbé èsì rẹ̀ síta kí òbí àti ọmọ lè rí i kí wọ́n tó yan ilé ìwé. Àwọn yunifásítì kan nílẹ̀ wa náà ń pín fọ́ọ̀mù fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìparí sáà. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù nìkan kò tó. Bí ó bá jẹ́ olùkọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni yóò gba fọ́ọ̀mù náà, ta ni yóò kọ òótọ́? Ẹni tí orí rẹ̀ wà lábẹ́ abẹ kì í bá onífárí jà.

Nítorí náà, èrò wa ni pé kí fọ́ọ̀mù náà má ní orúkọ tàbí nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́ nínú. Kí wọ́n gbà á kí ìdáńwò tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹlòmíràn tí kì í ṣe ará ẹ̀ka náà gbà á, kí olùkọ́ má sì rí i títí máàkì yóò fi jáde. Kí wọ́n fún olùkọ́ náà láyè láti fèsì. Lékè gbogbo rẹ̀, kí ọ̀gá ẹ̀ka jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó tẹ̀ lé e, kó sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé, ohun tí ẹ sọ nìyí, ohun tí a ti ṣe nìyí, ohun tí agbára wa kò ká nìyí. Bí èyí kò bá sí, bó pẹ́ bó yá, akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa fi fọ́ọ̀mù ṣeré ni.

Àkókò tó wọ̀ fún un gan-an rèé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni NUC gbé ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí wọ́n ń pè ní CCMAS jáde. Nínú rẹ̀, ìdá 70 nínú 100 ẹ̀kọ́ wá láti ọ̀dọ̀ NUC, yunifásítì fúnra rẹ̀ ni yóò sì yan ìdá 30 tó kù. Ta ló yẹ kí wọ́n bi léèrè kí wọ́n tó fi nǹkan sínú ìdá 30 yìí, bí kò ṣe àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹ̀kọ́ṣẹ́ IT dé àti àwọn tó ti gboyè jáde?

A rọ ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó àti àwọn ìjọba yòókù pé kí wọ́n pèsè iná àti ẹ̀rọ, kí wọ́n san ẹ̀tọ́ olùkọ́ fún un, nítorí a kì í béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí a kò fún ní ọkọ́ àti àdá. A rọ àwọn gíwá pé kí wọ́n má ka akẹ́kọ̀ọ́ tó sọ òótọ́ sí ọ̀tá. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ náà, ẹ máa lọ sí kíláàsì, nítorí ẹni tí kò sí lágbo kò lè sọ bí ijó ṣe rí. Bí ẹ bá sì ti máa sọ̀rọ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ rí, ẹ má fi ìbínú sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Òbí tó wà ní Àjàgbà lè má mọ ohun tí programming ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ó mọ iye agbọ̀n gàrí tó tà kí ọmọ rẹ̀ tó wọ yunifásítì. Ọmọ rẹ̀ nìkan ló lè bá a wo inú kíláàsì yẹn. Ẹ jẹ́ kó sọ ohun tó rí.