Ìpàdé orí fóònù kò ní kí ìlú má ní ìwé ìpàdé

Bí àgbàlagbà kan bá jókòó síwájú ilé rẹ̀ ní Ìwòyè-Kétu, tó rí ọmọ ọmọ rẹ̀ tó dorí kodò sórí fóònù láti àárọ̀, ohun méjì ló sábà máa ń wá sí i lọ́kàn: ọ̀lẹ ni ọmọ náà, tàbí kó ti máa ṣe yàhúù. Kò sẹ́ni tó lè dá bàbá náà lẹ́bi, nítorí pé àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ayélujára lu jìbìtì ti ba orúkọ jẹ́ fún àwọn tó kù. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìlú gan-an ni ọmọ náà ń kà: ẹni tó kú ní Kútọnu, ọjọ́ tí ìpàdé bọ́ sí, iye tí wọ́n bù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láti fi tún ọ̀nà ṣe, àti orúkọ àwọn tí kò tíì san. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lábẹ́ igi tẹ́lẹ̀ ti ń kó lọ sórí fóònù díẹ̀díẹ̀. Èyí fúnra rẹ̀ kò burú. Ohun tó yẹ kó kọ àwọn àgbà lóminú ni pé, bí ọ̀rọ̀ bá ti kó lọ síbẹ̀ tán, ta ni yóò máa bá ìlú tọ́jú rẹ̀?

Ìlú ẹnu ibodè ni ìbéèrè yìí kàn jù. Ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi la ilẹ̀ Kétu sí méjì láì bi onílẹ̀ léèrè. Kétu fúnra rẹ̀, níbi tí ààfin Alákétu wà, bọ́ sọ́wọ́ Faransé, ó sì wà ní orílẹ̀-èdè Benin títí di òní. Ìmẹ̀kọ, Ìwòyè àti àwọn ìlú Kétu mìíràn bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ló wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìmẹ̀kọ-Àfọ̀n, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Láti ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n ti ń kàwé lédè Gẹ̀ẹ́sì, tí ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ ń kàwé lédè Faransé. Lẹ́tà tí ọ̀kan bá kọ, èkejì á wá ẹni tí yóò bá òun kà á. Náírà ni ti ìhín, sẹ́fà ni ti ọ̀hún.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti àwọn ibodè orí ilẹ̀ pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, oṣù kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí díẹ̀ nínú wọn. Ibodè ṣì wà ní títì lọ́wọ́ nígbà tí àṣẹ mìíràn jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, pé kí wọ́n má gbé epo bẹntiróòlù lọ sí ilé epo èyíkéyìí tó bá wà láàárín kìlómítà 20 sí ibodè. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọ̀kadà ni ọkọ̀ ìgbèríko mọ ohun tí àṣẹ yìí túmọ̀ sí fún ẹni tó fẹ́ lọ kí ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó bímọ lódìkejì. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, fóònù kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé mọ́. Òun ni ọ̀nà.

Ohun tó sì mú kó rọ àwọn àgbà lọ́rùn ni ohùn. Láti ọdún 2013 ni WhatsApp ti fún èèyàn láǹfààní láti tẹ bọ́tìnì kan mọ́lẹ̀, kó sọ ohun tó fẹ́ sọ, kí ohùn rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò béèrè Gẹ̀ẹ́sì, kò béèrè Faransé, kò sì béèrè àmì ohùn tó ń da àwọn akọ̀wé láàmú. Ìyá tí kò mọ lẹ́tà kan lè fi èdè Kétu tó mu lọ́mú bá ọmọ rẹ̀ tó wà ní Abijan wí, kí ọmọ náà sì gbọ́ pé inú ń bí ìyá òun lóòótọ́. Lẹ́tà kò lè ṣe èyí.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ewu wà nínú irú ìpàdé yìí lè kọ́gbọ́n lára ọmọ Nàìjíríà kan tó ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2005, Seun Osewa, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà gbà lọ́kàn, tó sì ti kàwé ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, dá ìkànnì kan sílẹ̀ tó pè ní Nairaland. Ó dà bí ilé ìpàdé ńlá tó ní yàrá púpọ̀: yàrá òṣèlú, yàrá iṣẹ́, ti ẹ̀sìn, ti bọ́ọ̀lù, ti ọ̀rọ̀ ìfẹ́, títí kan ti iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè wọlé kà, ẹni tó bá sì forúkọ sílẹ̀ lè dá sí ọ̀rọ̀. Ẹ rántí pé ní ọdún 2005, fóònù tí ọ̀pọ̀ èèyàn ní kò ju èyí tí wọ́n fi ń pè tí wọ́n sì fi ń tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ lọ. Ilé kọ̀ǹpútà ni àwọn ọ̀dọ́ ń lọ, wọ́n ń sanwó wákàtí kọ̀ọ̀kan, iná sì lè lọ kí ojú ìwé kan tó ṣí tán. Nairaland kò kó àwòrán jọ, kò ṣe ọ̀ṣọ́ kankan sára, ìdí nìyẹn tó fi ń yára ṣí. Àwọn kan ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò lẹ́wà. Kò lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n èrò ń wọ́ lọ síbẹ̀, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ sì ti lé ní mílíọ̀nù kan dáadáa.

Bí èrò bá ti pọ̀ níbì kan, ìjà ò ní ṣàì wá. Ẹni tó dá ilé ìpàdé sílẹ̀ di ẹni tó ń làjà, tó ń ṣòfin, tó sì ń lé èèyàn jáde. Ẹ̀yà kan ń bú ẹ̀yà kejì, oníṣòwò ń fi ìpolówó ọjà dí ọ̀nà, àwọn kan ń fi orúkọ tí kì í ṣe tiwọn purọ́ mọ́ ẹlòmíràn. Osewa ní láti yan àwọn olùtọ́jú sí yàrá kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn láti máa ṣọ́ ohun tí èèyàn ń sọ. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tó bá kó ìpàdé rẹ̀ lọ sórí fóònù láì yan irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò rí i pé láàárín oṣù díẹ̀, ìkíni àárọ̀, àdúrà àti fídíò àwọn olóṣèlú yóò ti bo ọ̀rọ̀ owó ọ̀nà mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Nairaland ní oṣù kẹfà ọdún 2014 ló yẹ kí gbogbo akọ̀wé ẹgbẹ́ mọ̀. Ọ̀bàyéjẹ́ kan já wọ inú kọ̀ǹpútà tí wọ́n kó gbogbo ìkànnì náà sí, ó pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, ó sì pa ẹ̀dà tí wọ́n tọ́jú síbẹ̀ rẹ́ pẹ̀lú. Ọjọ́ díẹ̀ kọjá tí ẹnikẹ́ni kò rí Nairaland ṣí. Ohun tó yọ wọ́n ni ẹ̀dà kan tó wà níbòmíràn, èyí tí wọ́n ti ṣe láti oṣù kìíní ọdún náà. Ọ̀rọ̀ bí oṣù márùn-ún ni kò sí nínú ẹ̀dà yẹn. Ká ní ibì kan ṣoṣo ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí ni, ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́sàn-án ni ì bá ṣègbé.

Ti Nairaland tilẹ̀ sàn, nítorí pé ọmọ ilẹ̀ yìí ló ni ín, ó sì fẹ́ kó wà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù, òkè òkun ni olówó wọn ń gbé, ìgbà tó bá wù ú ló lè ti ilẹ̀kùn. GeoCities, níbi tí àìmọye èèyàn káàkiri ayé kọ ojú ìwé tiwọn sí lọ́fẹ̀ẹ́, Yahoo tì í ní oṣù kẹwàá ọdún 2009. Yahoo Groups, tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ Nàìjíríà tó wà lókè òkun fi ń kọ̀wé síra wọn, parí pátápátá ní oṣù kejìlá ọdún 2020. BBM ti BlackBerry, tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi nọ́ńbà rẹ̀ ṣakọ kiri nígbà kan, kógbá wọlé ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2019. (Yahoo kúkú kéde kó tó tì, bí onílé tó fún ayálégbé ní ìwé pé kó kó ẹrù rẹ̀. Ẹni tó ti pàdánù ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ ńkọ́? Akọ̀wé tó ti kú ńkọ́?)

Nígbà mìíràn sì rèé, olówó kò tì í, ìjọba ló tì í. Oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ìjọba àpapọ̀ fòfin de Twitter ní Nàìjíríà, ó sì di oṣù kìíní ọdún 2022 kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Nígbà mìíràn, kò sí ẹni tó tì í rárá. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 2021, Facebook àti WhatsApp kú fún bíi wákàtí mẹ́fà káàkiri ayé nítorí àṣìṣe àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn okùn tó gba ìsàlẹ̀ òkun gbé ẹ̀rọ ayélujára wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà já lágbègbè Abijan, ó sì kan Nàìjíríà, ó kan Benin. Lọ́jọ́ náà, ará Ìwòyè àti ará Kétu bá ara wọn nínú ọkọ̀ kan náà.

WhatsApp tí ọ̀pọ̀ ìlú gbára lé ní tirẹ̀ kì í ṣe ilé ìkàwé. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ níbẹ̀, inú fóònù àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ ló ń wà. Bí fóònù bá bọ́ sómi, tí olè bá gbé e, tàbí tí ọmọ bá pa á rẹ́ kó lè ráyè fún fídíò, tí onífóònù kò sì ṣe ẹ̀dà sí ibòmíràn, ó tán nìyẹn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ lónìí kò lè mọ gbogbo ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Bí àríyànjiyàn owó bá wá dé, pé lágbájá san, lágbájá kò san, ọ̀rọ̀ á di ẹnu mi ẹnu rẹ.

Ewu kan tún wà níbẹ̀ tí àwọn àgbà kò ní gbàgbé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí Ẹ̀bólà ti wọ Nàìjíríà, ìròyìn gba orí fóònù kan lóru pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀. Àwọn ìyá jí ọmọ wọn lójú oorun láti wẹ̀ fún wọn. Irọ́ ni, ìjọba sì kéde pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n ìyẹn kò gba àwọn tí iyọ̀ náà gbé dé ilé ìwòsàn. Ìlú tó bá ní ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ìpàdé rẹ̀ yóò béèrè pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀ kó tó tàtaré ọ̀rọ̀ sí ẹlòmíràn.

Kò yẹ kí èyí mú àgbà kankan sọ pé kí àwọn ọmọ sọ fóònù nù. Wọ́n ti fi ṣe ohun tó dára. Kọ́lá Túbọ̀sún, onímọ̀ èdè àti òǹkọ̀wé, wà lára àwọn tó pe àwọn èèyàn jọ láti fi Yorùbá sọ̀rọ̀ lórí Twitter ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2012, kí àwọn tó ni ín lè rí i pé èdè náà ní èèyàn. Lẹ́yìn náà ló dá ìkànnì atúmọ̀ orúkọ Yorùbá sílẹ̀, níbi tí ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ẹni tó wà ní Ìbàdàn ti lè fi orúkọ àti ìtumọ̀ rẹ̀ kún un. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Twitter ń ṣàn lọ bí omi òjò; èyí tí wọ́n kó jọ létòlétò sínú atúmọ̀ orúkọ, èèyàn lè padà lọ bá a.

Ohun tí Ìwòyè-Kétu àti àwọn ìlú bíi tirẹ̀ nílò kò gba owó ìjọba. Kí ẹgbẹ́ yan akọ̀wé kan tí yóò máa kọ ìpinnu ìpàdé orí fóònù sínú ìwé ńlá ní ìparí oṣù: ẹni tó sanwó, ẹni tó kú, ẹni tó bímọ, ohun tí wọ́n fẹnu kò sí. Kí ó kọ ọ́ lédè Yorùbá, nítorí òun nìkan ni èdè tí ará Ìmẹ̀kọ àti ará Pọ́bẹ̀ jọ ń sọ láì sí ògbufọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan yóò sọ pé ìwé náà ń jóná, ikán sì ń jẹ ẹ́. Òótọ́ ni. Nítorí náà kí wọ́n ya ìwé náà ní fọ́tò sínú fóònù bíi mẹ́ta, kí wọ́n sì da ìwé náà kọ ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Ti ohùn àwọn àgbà ló tilẹ̀ yẹ kó yá jù. Bàbá tó mọ bí wọ́n ṣe rìn láti Kétu dé ibi tí wọ́n wà, tó mọ oríkì ilé kọ̀ọ̀kan, tó mọ igi tí àwọn bàbá fi ṣe ààlà oko kí ààlà òyìnbó tó dé, ọmọ ọmọ rẹ̀ lè gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ìrọ̀lẹ́ kan. Ṣùgbọ́n fóònù tó gba ohùn náà lọ́dún yìí, wọ́n lè tà á ní Ìlaró lọ́dún tó ń bọ̀. Kí ọmọ tó mọ̀wé jókòó tì í, kó gbọ́ ọ, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì kà á padà fún bàbá kó lè tún ibi tó bá ṣì gbọ́ ṣe. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni, ó sì dára ju kí àgbàlagbà máa bú ọmọ pé ó dorí kodò lọ.

Kí ẹ̀dà kan wà ní Ìwòyè. Kí èkejì wà lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ní Kétu, lódìkejì ibodè, kí wọ́n sì gbé e lọ nísinsìnyí tí ọ̀nà ṣì ṣeé gbà.