Ọkọ̀ Tòkunbọ̀: Èwo Ni Ẹ̀ṣọ́, Èwo Ni Ààbò?

 

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan ni tọkọtaya kan nínú ìjọ wá bá wa. Ẹ jẹ́ kí a pè wọ́n ní Bàbá Ìbejì àti Ìyá Ìbejì. Ọmọ mẹ́ta ni Olúwa fi ta wọ́n lọ́rẹ: àwọn ìbejì tí wọ́n ti pé ọdún méje, àti Ìdòwú tí kò tíì pé ọdún kan. Ọdún mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi ń dá owó sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n sì tún yá díẹ̀ lé e, kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kadà àti dánfó. Ṣùgbọ́n dípò kí ayọ̀ wọlé, aáwọ̀ ni ọkọ̀ tí wọn kò tíì rà dá sílẹ̀. Ọkọ̀ méjì ni wọ́n rí lọ́dọ̀ oníṣòwò kan. Corolla ni méjèèjì, ọdún 2006 ni wọ́n sì ṣe méjèèjì. Èkíní ní awọ lórí ìjókòó, ó ní gíláàsì tí ń ṣí lórí òrùlé, rímù rẹ̀ sì ń dán bíi fàdákà. Èkejì kò ní ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí. Aṣọ lásán ni ìjókòó rẹ̀, owó rẹ̀ sì fi ₦400,000 dín sí ti èkíní.

Bàbá Ìbejì ní, "Ẹ̀yin bàbá wa, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí jẹ díákónì ni. Ṣé ọkọ̀ tí kò ní nǹkan kan lára ni n ó máa gbé wọ inú ọgbà ìjọ?"

Ìyá Ìbejì kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kàn béèrè pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, èwo nínú gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni yóò di Ìdòwú mú bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìbàdàn?"

Ìbéèrè ìyá yìí ni ó yẹ kí gbogbo wa fi bẹ̀rẹ̀. Olúwa wa fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, nínú Lúùkù orí 14, nípa ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, tí yóò kọ́kọ́ jókòó ṣírò ohun tí yóò ná an. Ẹni tó ń ra ọkọ̀ pẹ̀lú owó alájẹṣẹ́kù gbọ́dọ̀ ṣírò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé ọkọ̀ méjì lè jọ ara wọn bí ìbejì, síbẹ̀ kí ohun inú wọn má dọ́gba. Nínú àwọn Corolla tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láàárín ọdún 2003 sí 2008, ọ̀pọ̀ ni kò bá bíréèkì ABS wá. Ẹni tó kọ́kọ́ rà á lọ́hùn-ún ni ó yàn bóyá òun yóò sanwó lé e tàbí òun kò ní san. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpò afẹ́fẹ́ ti ẹ̀gbẹ́, èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní airbag. Ti iwájú nìkan ni gbogbo wọn ní. Iṣẹ́ ABS ni pé bí a bá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ lójijì níbi tí òjò ti rọ̀, kì í jẹ́ kí táyà há gbagidi kí ọkọ̀ sì máa yọ̀ lọ. Ìtọ́kọ̀ yóò ṣì máa gbọ́ràn, a ó sì lè yà fún ohun tó wà níwájú. Ẹni tó bá ti wakọ̀ lójú ọ̀nà wa nígbà òjò mọ ohun tí a ń wí.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ síbi tí iná inú ọkọ̀ yóò ti tàn, kí ẹ má tíì sítáátì rẹ̀. Iná kékeré tí wọ́n kọ ABS sí yóò tàn níwájú awakọ̀, yóò sì kú láìpẹ́ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá tàn rárá, yálà ọkọ̀ náà kò ní in, tàbí ẹnìkan ti yọ gílóòbù rẹ̀. Àpò afẹ́fẹ́ náà ní iná tirẹ̀. SRS ni wọ́n ń kọ sí òmíràn, àwòrán ẹni tó jókòó pẹ̀lú ohun róbótó níwájú rẹ̀ ni ti òmíràn. Èyí gan-an ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀ mìíràn ti ní ìjàǹbá lọ́hùn-ún kí wọ́n tó kó wọn wá. Àpò náà ti tú jáde, wọ́n ti fi ike bo ojú rẹ̀, wọ́n sì ti yọ iná kí àṣírí má bàa tú. Iná tó kọ̀ tí kò kú, òtítọ́ ló ń sọ fún yín. Èyí tí kò tàn rárá ni ẹ kò gbọdọ̀ gbà gbọ́.

Bẹ́líìtì ni a fi ṣáájú gbogbo rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí oníṣòwò tí yóò polówó rẹ̀ fún yín. Ẹ fà á lójijì, ó gbọ́dọ̀ há. Ẹ fà á jẹ́jẹ́, ó gbọ́dọ̀ jáde kí ó sì padà. Ẹ dán ti ẹ̀yìn náà wò, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ń jókòó. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má bínú sí wa: ọwọ́ ìyá kò lè di ọmọ mú nígbà tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan. Kì í ṣe pé ìfẹ́ kò tó; agbára ènìyàn ni kò tó. Bí ìyá bá sì gbé ọmọ lẹ́sẹ̀ níwájú, ojú àpò afẹ́fẹ́ ni ó gbé e sí, àpò náà sì ń jáde pẹ̀lú agbára tó lè pa ọmọdé. Ìjókòó ọmọ-ọwọ́ ni kí ẹ rà, ẹ̀yìn ọkọ̀ sì ni àyè rẹ̀. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2002 ni àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún Amẹ́ríkà ti ní irin kéékèèké tí a fi ń há irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ ti ọwọ́ bọ àárín ìjókòó ẹ̀yìn àti ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ó kàn án. Kò ná yín ní nǹkan kan.

Ẹ̀rọ A/C ńkọ́? A kò kà á sí fáàrí. Ẹni tó bá kó ọmọ mẹ́ta sínú gósìlóò ní ọ̀sán, láàárín èéfín ọkọ̀ akẹ́rù, yóò gbà pẹ̀lú wa. Ṣùgbọ́n ẹ dán an wò ní ọ̀sán gangan, kì í ṣe ní òwúrọ̀. Bí oníṣòwò bá ní, "Gáàsì ló tán, ẹ kàn máa rọ ọ́ ni," ẹ rántí pé gáàsì A/C kì í jóná tán bí epo. Inú páìpù tí a dí pa ni ó ń yí kiri. Bí ó bá ti tán, ibì kan ń jò, ẹ̀yin ni ẹ ó sì wá a rí.

Ní ti gíláàsì orí òrùlé, àwa náà ti jìyà rẹ̀ rí. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ni omi ń gbà sọ̀kalẹ̀ láti àwọn igun rẹ̀. Abẹ́ igi ni a ń gbé tiwa sí. Ewé àti eruku dí páìpù, òjò kan rọ̀ mọ́jú, nígbà tí a sì ṣílẹ̀kùn, kápẹ́ẹ̀tì ti mu omi yó. Wáyà wà lábẹ́ rẹ̀. Rìwáyà jẹ lára owó wa fún oṣù méjì, ìgbà mẹ́ta péré ni a sì ṣí gíláàsì náà láti ìgbà tí a ti rà á. Awọ ìjókòó kò burú, bí ẹ bá ní ibòji tí ẹ ó gbé ọkọ̀ sí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìtàn àwọn ọmọ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Jíìpù tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fà máa ń mu epo ju èyí tí méjì ń fà lọ, gbogbo wa la sì rí ohun tí owó epo dà láti oṣù karùn-ún ọdún 2023. Gíláàsì dúdú ní òfin tirẹ̀ láti ọdún 1991, ọlọ́pàá kò sì gbàgbé rẹ̀.

A bá wọn lọ pẹ̀lú mẹkáníìkì. A yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ awọ: iná ABS kò tàn. A yí ti alásọ lásán: ó tàn, ó sì kú, ti àpò afẹ́fẹ́ náà tàn, ó kú. Bàbá Ìbejì wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó wá ní kí wọ́n kọ ìwé rẹ̀. Nínú ₦400,000 náà, wọ́n ra ìjókòó Ìdòwú, wọ́n pààrọ̀ táyà méjì tó ti gbó, wọ́n sì dá ìyókù padà fún alájẹṣẹ́kù.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, a rí ọkọ̀ náà nínú ọgbà ìjọ. Bàbá Ìbejì ti ra ìdérí rímù tó ń dán gbinrin, ó fi sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń tú bẹ́líìtì Ìdòwú lẹ́yìn ọkọ̀.