Ẹ̀yin Àgbà Ọjà, Ẹ Má Pín Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru Jẹ

 

Ọ̀rọ̀ tòní kì í ṣe ti owó ọjà, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ìyá kan láàrin wa, tó ti lé ní 70 ọdún, pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ tì torí pé ara rẹ̀ yá. Nígbà tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, ó tọrọ hóró méjì lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jọ ń tajà, ó gbé méjèèjì mì lẹ́ẹ̀kan náà. Bó ṣe ní kóun dìde lórí àpótí, òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú lé igbá ata rẹ̀ lórí. Ọlọ́run ló yọ ọ́.

Àwọn kan wá ń sọ pé oògùn òyìnbó kò dáa fún arúgbó. A ò gbà. Àṣìlò ló bì í ṣubú. Lọ́dún 2008, àwọn dókítà gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ń pè ní HYVET. Àwọn 3,845 tó ti pé 80 ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, ni wọ́n tọ́jú. Ikú kéré láàrin àwọn tó lo oògùn ju àwọn tí wọ́n fún ní hóró tí kò ní oògùn nínú lọ. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń wọn ìfúnpá wọn déédéé.

Ara àgbà yàtọ̀ sí ti ọmọdé. Bí a bá ń lo oògùn yìí, ká jókòó díẹ̀ sétí bẹ́ẹ̀dì ká tó dìde. Bí èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá ń ṣe wá, ká tètè rí nọ́ọ̀sì, pàápàá bí oògùn wa bá jẹ́ èyí tó ń mú ni tọ̀. Ibuprofen àti diclofenac tí à ń rà fún ẹ̀yìn dídùn àti orúnkún ríro lè mú ẹ̀jẹ̀ ru sí i, wọ́n sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Bí oògùn bá ń mú òòyì kọ́ wa, ká má dá a dúró fúnra wa. Dókítà lè dín in kù, ó sì lè pààrọ̀ rẹ̀.

A mọ̀ pé oògùn ti wọ́n. Òun ló ń mú kí ẹlòmíràn máa fò ó, kó sì máa tọrọ. Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ ìyálọ́jà àti àwọn olóyè ẹgbẹ́: ẹ jẹ́ ká ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó ẹgbẹ́, ká máa yá àgbà tí oògùn rẹ̀ bá tán. Ẹ jẹ́ ká pe nọ́ọ̀sì wá sípàdé kó máa wọn ìfúnpá wa, kí oníkálukú sì kó gbogbo oògùn àti àgbo tó ń lò wá fún un wò. Àwọn tó ń kiri oògùn ara ríro tí wọ́n dì pọ̀ sínú ọ̀rá, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, ká má gbà wọ́n láyè lọ́jà wa mọ́.

Ìlera loògùn ọrọ̀. Ẹni tó bá wà láàyè ló ń nájà. Ká má ṣe rí ìjà rọpárọsẹ̀ o.

Àwa ni, akọ̀wé yín.