Ẹgbẹ́ Mi Tí Ó Dúró Sílé

Ẹ̀yin ará wa ní Kánò, Jọ́ọ̀sì àti Kàdúná, nígbà tí ẹ bá lọ sílé fún ọdún, tí ẹ rí ẹgbẹ́ yín tí ó ṣe tíṣà, tí ó ti ń gba owó ìfẹ̀yìntì, ọkàn yín a máa sọ pé, “Ǹ bá mọ̀, ǹ bá má tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n mi lọ tajà.”

N kò ní sọ pé àbámọ̀ yẹn kò nídìí. Ẹni tí ó fi ilé-ìwé sílẹ̀ mọ ohun tí ó pàdánù. (Owó ìfẹ̀yìntì ọ̀hún náà, ẹ bi àwọn tí ń dúró dè é!) Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi dé ọ̀pọ̀ ìlú Òkè Ọya, àti Gánà, kí àṣẹ ìjọba ibẹ̀ tó lé wọn padà ní 1969. Ọjà ni wọ́n bá lọ. Pọ́ọ̀lù náà, àgọ́ ni ó ń pa jẹun (Ìṣe 18:3). Nítorí náà, bí ẹ bá ń ṣírò ọjọ́ ayé yín, ẹ ka àwọn ọmọ iṣẹ́ tí ẹ ti fún ní òmìnira mọ́ ọn, àti àwọn tí ẹ kọ́ ní Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi.

Bí ó bá sì jẹ́ ìwé gan-an ni ó ṣì ń dùn yín, àgbàlagbà ń jókòó ṣe ìdánwò GCE. Ẹ lọ gba fọ́ọ̀mù.